Jíjò, Yíyọ́kọjá àti Títa: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Wíwá Ìdí Àléébù Haidirọ́líìkì Lára Apá Akẹ́rù Katakata

ÌFÁÀRÀ

Bí apá iwájú katakata tí wọ́n fi ń kó erùpẹ̀, ìgbẹ́ màlúù tàbí àpò àgbàdo bá ń ṣe àìsàn, ohun kan náà ni awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀ sábà máa ń sọ fún mẹkáníìkì: “Kò lágbára mọ́.” Gbólóhùn náà kúrú, ó sì yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n àléébù mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ni ó lè máa ròyìn. Apá náà lè máa lọ sókè bí ìgbín, síbẹ̀ kí ó gbé gbogbo ẹrù tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó lè máa yára sókè nígbà tí igbá rẹ̀ bá ṣófo, kí ó sì dúró gbagidi nígbà tí wọ́n bá di ẹrù sí i. Ó lè gbé ẹrù dókè láìsí wàhálà, kí ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí. Ó sì lè jẹ́ pé òwúrọ̀ ni ara rẹ̀ máa ń le, kí ó wá máa rọ̀ bí oòrùn bá ti mú. Ìwòsàn àwọn àìsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbá wọn jọ lè ra pọ́ǹpù tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé asẹ́ tí ó dí ni ó yẹ kí ó fọ̀.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ (èyí tí orúkọ rẹ̀ di ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987) ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ni ó ti hàn gbangba pé èdè Yorùbá tó fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí kò mọ sí kíláàsì. Ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n bá túmọ̀ fún awakọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ewu tí ìwé gírámà kò ní: bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì, ènìyàn lè ná owó gọbọi dànù, ó sì lè pàdánù ìka ọwọ́. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wíwá ìdí àléébù apá akẹ́rù dúró lé lórí, ó sì tọ́ka sí ibi tí Yorùbá ti pín òye wẹ́wẹ́ ju Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń túmọ̀ lọ, tí olùtumọ̀ kì í sì í sábà lo àǹfààní náà.

ORÚKỌ ÀWỌN Ẹ̀YÀ Ẹ̀RỌ NÁÀ

Apá akẹ́rù ni orúkọ tí wọ́n lò níhìn-ín fún gbogbo ohun tí ó nà jáde níwájú katakata, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè ohun tí akẹ́rù túmọ̀ sí. Igbá ni ohun tí ó wà lórí apá náà tí wọ́n ń kó nǹkan sí.

Ní ti haidirọ́líìkì, ọ̀rọ̀-àyálò ni kí ó máa jẹ́. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá, omi àti ọ̀pá oníhò sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá torí ìpìlẹ̀ yìí pè é ní “ẹ̀rọ olómi”, ó ti ṣi awakọ̀ lọ́nà, nítorí omi ni ọ̀tá ẹ̀rọ náà. Ó ń mú irin rẹ̀ dípẹtà, ó sì ń sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ di funfun bí omi ògì. Bẹ́ẹ̀ ni epo kò yẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yìí, nítorí epo ni ohun tí wọ́n ń rà ní ilé epo fún ẹ́ńjìnnì láti jó. Òróró sì ti di ti ìdáná. Ọ́ìlì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ọ́ìlì náà sì ni kí ó jẹ́ nínú ìwé.

Pọ́ǹpù a máa fa ọ́ìlì láti inú táǹkì gba inú asẹ́ kọjá, a sì máa tì í lọ sí fáàfù ìdarí. Láti ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń gba inú họ́ọ̀sì lọ sínú àwọn jáàkì. Jáàkì méjì ni ó ń gbé apá, ẹyọ kan tàbí méjì mìíràn ni ó sì ń yí igbá. Nígbà tí awakọ̀ kò bá fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí, ńṣe ni ọ́ìlì kàn ń gba inú fáàfù padà sí táǹkì láìṣe iṣẹ́ kankan. Irú èyí ni ó wọ́pọ̀ lára katakata kéékèèké, òun sì ni àpilẹ̀kọ yìí ń bá lọ. Àwọn mìíràn wà, bí John Deere 4010 tí ó jáde ní 1960, tí pọ́ǹpù wọn máa ń dín ohun tí ó ń tì jáde kù nígbà tí iṣẹ́ kò bá sí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ ìyẹn wò yàtọ̀ díẹ̀.

Ohun tí ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú jáàkì àti ohun tí ó ń rìn nínú fáàfù ni olùtumọ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún. Kò pọn dandan. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ní ìlànà fún irú ohun bẹ́ẹ̀: bí ohun èlò bá ní apá méjì, tí ọ̀kan dúró, tí èkejì ń rìn nínú rẹ̀ tàbí lórí rẹ̀, ọmọ ni wọ́n ń pe èyí tí ó ń rìn. Odó ní ọmọ odó, ọlọ ní ọmọ ọlọ. Nípa ìlànà yìí, ọmọ jáàkì ni irin tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá jáàkì, tí rọ́bà yí ká. Ọmọ fáàfù sì ni ọ̀pá irin dídán tí ó ń rìn nínú fáàfù ìdarí, tí ó ń ṣí ọ̀nà kan tí ó sì ń dí òmíràn. Àfiwé náà kò pé tán, nítorí àyè wà láàárín odó àti ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè kò gbọdọ̀ sí láàárín jáàkì àti ọmọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àìpé náà wúlò fún olùkọ́: nígbà tí rọ́bà bá jẹ, jáàkì ti di odó nìyẹn.

Fáàfù kékeré kan tún wà tí ó ṣòro láti sọ lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, bí ọ́ìlì bá ti dé ibi tí agbára họ́ọ̀sì àti jáàkì mọ, yóò ṣí, yóò sì jẹ́ kí ọ́ìlì padà sí táǹkì kí nǹkan má baà bẹ́. Ẹni tí ó bá gba ojú ìmọ̀ ẹ̀dá-ọ̀rọ̀ wò ó lè fẹ́ sọ pé ohun tí ń dẹ ìtẹ̀ ni, kí ó sì kọ adẹtẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí kò bá ní àmì ohùn yóò sọ fún awakọ̀ pé adẹ́tẹ̀ kan ń gbé inú katakata rẹ̀. Fáàfù òpin-ìtẹ̀ gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹlẹ́gàn.

AGBÁRA: ÌTẸ̀ ÀTI ÌṢÀN

Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ayé láti 1623 sí 1662, ni ó fi òfin náà lélẹ̀ pé ohun tí ó ń ṣàn tí wọ́n sé mọ́ inú nǹkan, ibi yòówù tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ìtẹ̀ náà yóò dé gbogbo ara rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ní 1795 ni Joseph Bramah gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀rọ tí ó lo òfin yìí. Harry Ferguson ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí àgbẹ̀ púpọ̀ mọ̀. Katakata TE20 rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Coventry ní 1946 ń fi ọ́ìlì gbé ohun èlò ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ méjì ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ìtẹ̀, láti ara tẹ̀, ni bí ọ́ìlì ti ń ti ara ohun tí ó sé e mọ́ tó. Ìṣàn, láti ara ṣàn, ni bí ọ́ìlì tí ó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ tó. Àwọn kan ti ń lo ìfúnpá ní ilé ìwòsàn fún ìtẹ̀ ẹ̀jẹ̀, ó sì bá a mu níbẹ̀, nítorí apá ni wọ́n ń fún láti fi wọ̀n ọ́n, bí àwọn àgbà náà ti ń so ìfúnpá mọ́ apá. Họ́ọ̀sì katakata kò ní apá tí wọ́n ń fún. Bí ó bá sì ní apá, apá akẹ́rù ni, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò sì dá sílẹ̀. Ìtẹ̀ kúrú, ó sì mọ́.

Ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sábẹ́ agbára hàn nínú ìṣirò kékeré kan. Bí inú jáàkì kan bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ojú ọmọ jáàkì náà yóò tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 19.6. Bí ìtẹ̀ ọ́ìlì bá jẹ́ kílógíráàmù 150 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, jáàkì náà yóò fi ohun tí ó tó kílógíráàmù 2,940 tì. Jáàkì méjì yóò fi 5,880 tì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé igbá, nítorí jáàkì sún mọ́ ìdí apá, igbá sì jìnnà sí i. Ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò kù fún ẹrù. Bí ìtẹ̀ bá wálẹ̀ sí 75, ẹrù tí apá lè gbé yóò di ìdajì. Ṣùgbọ́n àkókò tí igbá tí ó ṣófo fi ń lọ sókè kò ní yí padà, nítorí ìtẹ̀ kò sí nínú ìṣirò àkókò. Bí ọ̀pá jáàkì bá ń rìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, jáàkì méjèèjì yóò gba ọ́ìlì tí ó tó lítà 2.35, bí pọ́ǹpù bá ń tì lítà 30 jáde ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 4.7 ni apá yóò fi dókè. Bí ìṣàn bá di lítà 15, yóò di 9.4, síbẹ̀ ẹrù tí ó ń gbé kò ní dín kù.

Nítorí náà, aago ọwọ́ lásán ti tó ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ìṣàn: kí ó ka àkókò tí apá fi dókè nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré bí ìwé rẹ̀ ti wí, kí ó sì fi wé ohun tí ìwé kọ. Géèjì ni ó ń sọ ti ìtẹ̀. Kò sí èyí tí ó lè ṣe iṣẹ́ èkejì nínú wọn.

Èdè ojoojúmọ́ ti pín ọ̀rọ̀ náà kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Yorùbá mọ ẹni tí ó ń falẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ ẹrù. Onífàálẹ̀ yóò ru ẹrù rẹ̀ délé bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ẹni tí ó kọ ẹrù lè yára bí àgbọ̀nrín, kò ní gbé e. Bí mẹkáníìkì bá bi ọlọ́kọ̀ léèrè pé, “Bàbá, ṣé ó ń falẹ̀ ni, àbí ó ń kọ ẹrù?”, yóò gba èsì tí ó wúlò ju èyí tí yóò gbà bí ó bá bèèrè pé, “Ṣé agbára rẹ̀ ti dín kù ni?” Bí èsì bá jẹ́ pé ó ń falẹ̀, kí ó wá ìdí rẹ̀ nínú ìṣàn: ọ́ìlì tí kò tó, asẹ́ tí ó dí, họ́ọ̀sì ìfami tí ó pọ̀ mọ́ra, pọ́ǹpù tí ó ti jẹ, tàbí ẹ́ńjìnnì tí kò sáré tó. Bí apá nìkan bá ń falẹ̀, tí igbá sì ń yí dáradára, pọ́ǹpù kò ní ẹ̀bi. Ọ̀nà tí ó lọ sí apá ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí èsì bá jẹ́ pé ó ń kọ ẹrù, ìtẹ̀ ni: fáàfù òpin-ìtẹ̀ tí ìdọ̀tí há sí lẹ́nu tí kò lè pa dé, irin alọ́ tí ó ti rọ̀ nínú rẹ̀, tàbí pọ́ǹpù tí kò lè tẹ̀ mọ́.

Ibi tí àṣìṣe ọ̀rọ̀ ti ń di àṣìṣe ọwọ́ nìyí. Ẹni tí ó gbọ́ pé agbára ti dín kù, tí ó sì mọ̀ pé bọ́ọ̀tì kan wà lórí fáàfù òpin-ìtẹ̀ tí wọ́n lè fi fi kún agbára, yóò mú sípánà. Bí ìṣàn ni ó dín kù, apá kò ní tìtorí rẹ̀ yára. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì àti jáàkì yóò máa gba ìtẹ̀ tí wọn kò ṣe wọ́n fún, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi bẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì náà láìsí géèjì lójú ọ̀nà ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ka géèjì, tí wọ́n di ọ̀pá ìdarí mú lẹ́yìn tí jáàkì ti nà tán, kí ó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ, nítorí ọ́ìlì tí ó ń fi tipátipá gba inú fáàfù kékeré náà a tètè gbóná.

JÍJÒ ÀTI YÍYỌ́KỌJÁ

Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ọ́ìlì tí ó kán sílẹ̀ láti ara họ́ọ̀sì àti ọ́ìlì tí ó gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà kọjá nínú jáàkì tí ẹnikẹ́ni kò rí. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ “ó ń jò” fún méjèèjì ti tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti fi Yorùbá sílẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí ó ń jò ni èyí tí ohun inú rẹ̀ ń bọ́ sóde: òrùlé ń jò, ìkòkò ń jò, ọkọ̀ ojú omi ń jò. Bí ìwé bá sọ fún awakọ̀ pé kí ó wò bóyá jáàkì ń jò, yóò bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò dáhùn pé kò jò. Òótọ́ ni ó sọ. Ìwé ni ó bi í ní ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti inú mu ni yọ́ kọjá. Olè a máa yọ́ wọlé, ológbò a máa yọ́ rìn: ìrìn tí kò ní ariwo tí kò sì hàn síta ni. Ọ́ìlì tí ó gba àárín ọmọ jáàkì àti ara jáàkì, tàbí àárín ọmọ fáàfù àti ihò rẹ̀, láti ìhà tí ìtẹ̀ wà lọ sí ìhà tí kò sí, ńṣe ni ó yọ́ kọjá. Yíyọ́kọjá lè máa ṣẹlẹ̀ lára ẹ̀rọ tí kò jò ẹ̀kán kan ṣoṣo sílẹ̀, táǹkì kò sì ní dín.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí àléébù kẹta, ti apá tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi ni rọ́bà jáàkì. Wọn a tú jáàkì méjèèjì, wọn a ra rọ́bà, wọn a fi sí i. Lọ́jọ́ kejì apá a tún máa sọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó bá rò ó dáadáa. Ẹrù tí ó wà lókè ń ti ọ̀pá jáàkì wọlé. Bí rọ́bà ọmọ jáàkì bá jẹ, ọ́ìlì ìsàlẹ̀ yóò fẹ́ yọ́ kọjá sí òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ti gba àyè lókè, nítorí náà ọ́ìlì tí ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pọ̀ ju àyè tí ń ṣí sílẹ̀ fún un lọ. Bí fáàfù ìdarí bá dí ẹnu ọ̀nà méjèèjì pa, ọ́ìlì kò ní ibi tí yóò lọ, apá kò sì lè sọ̀ ju díẹ̀ lọ kí ó tó dúró. Bí ó bá ń sọ̀ láìdúró, tí ilẹ̀ sì gbẹ, ọ̀nà kan ti ṣí padà sí táǹkì, ara ọmọ fáàfù ni ó sì wọ́pọ̀ jù kí ọ̀nà náà wà. Rọ́bà jáàkì nìkan kò tó láti ṣe é.

Ti igbá yàtọ̀. Lára ọ̀pọ̀ apá akẹ́rù, bí ẹrù bá ń fa igbá dojú kọ ilẹ̀, ńṣe ni ó ń fa ọ̀pá jáàkì igbá jáde. Ọ́ìlì tí ó yọ́ kọjá níbẹ̀ ń lọ láti ìhà tí ó kéré sí ìhà tí ó tóbi, àyè kò sì ní há fún un. Níbẹ̀, rọ́bà tí ó jẹ nìkan tó láti mú igbá dojú bolẹ̀. Ẹni tí ó bá lóye ìyàtọ̀ méjèèjì yìí kò ní tú ohun tí kò yẹ kí ó tú.

Kò sì yẹ kí olùkọ́ gbàgbé pé ọmọ fáàfù kò ní rọ́bà lára níbi tí ó ti ń dí ọ̀nà. Irin ni ó ń bá irin rìn, ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè tín-ń-tín kí ó tó lè rìn rárá. Apá tí ó sọ̀ díẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ kò ṣàìsàn. Èyí tí ó ń sọ̀ nígbà tí awakọ̀ ń wò ó ni kí wọ́n fura sí.

AFẸ́FẸ́, OMI ÀTI OORU

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ọ́ìlì inú táǹkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ apá kalẹ̀ tí wọ́n sì ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí nígbà tí apá bá wà lókè, inú jáàkì ni púpọ̀ nínú ọ́ìlì náà wà, ọ̀pá ìwọ̀n yóò sì purọ́. Ojú ọ́ìlì ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá ń hó bí ọṣẹ tí ìfófó sì wà lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà mọ́ ọ́, láti ibi tí họ́ọ̀sì ìfami ti tú díẹ̀ tàbí nítorí pé ọ́ìlì kò tó. Apá tí afẹ́fẹ́ wà nínú ọ́ìlì rẹ̀ a máa gbọ̀n jìgìjìgì bí ó ti ń lọ sókè, nítorí afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, ọ́ìlì kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe é fún pọ̀.

Ohun kan jọ èyí tí kì í ṣe òun. Bí asẹ́ bá dí, pọ́ǹpù yóò máa fà, ọ́ìlì kò ní tètè dé, òfo kéékèèké yóò sì máa là tí yóò máa wó nínú rẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí gbiri nínú agolo, ṣùgbọ́n ojú ọ́ìlì lè mọ́ kedere, láìní ìfófó. Ìwé tí ó bá kọ “pọ́ǹpù ń pariwo” fún méjèèjì kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi yẹ kí ó ti olùtumọ̀ tí ó fi ariwo nìkan sílẹ̀: ẹ̀rọ lè kùn, ó lè han, ó lè hanrun, ó lè máa ró wàràwàrà. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ tí ó ń fara wé ìró kò yẹ ìwé sáyẹ́ǹsì. Etí ni ohun èlò àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì ní. Èdè tí ó bá gba ọ̀rọ̀ etí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ohun èlò kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ooru, ọ́ìlì tútù ki, ọ́ìlì gbígbóná kò ki. Bí ó ti ń gbóná sí i ni ó ń rọrùn fún un láti yọ́ kọjá. Katakata tí ó ń ṣiṣẹ́ dáradára ní òwúrọ̀ tí ó wá ń rẹ̀ lọ́sàn-án sábà máa ń ní pọ́ǹpù tí àyè inú rẹ̀ ti fẹ̀: ìki ọ́ìlì ni ó ń bò ó láṣìírí títí oòrùn fi là. Ìki ni kí wọ́n lò fún èyí. Ṣíṣàn kò yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń sọ pé ọbẹ̀ ṣàn, nítorí ìṣàn ti ní iṣẹ́ mìíràn lókè, ọ̀rọ̀-ìperí kan kò sì gbọdọ̀ sin ọ̀gá méjì nínú ìwé kan náà.

TÍTA

Ọ̀nà kẹta kan tún wà tí ọ́ìlì ń gbà kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà, òun sì ni ó ń ṣe ènìyàn léṣe jù. Bí họ́ọ̀sì bá lu ihò tí ó rí bí ojú abẹ́rẹ́, ọ́ìlì tí ìtẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní kán, yóò ta jáde ní fọ́nrán tí ojú lè má rí. Fọ́nrán yìí lè la awọ ara kọjá wọ inú ẹran. Ojú egbò rẹ̀ kéré, ó sì lè má dùn ún lákọ̀ọ́kọ́, nítorí náà ẹni tí ó ṣe lè nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì náà ń ba ẹran inú jẹ́. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì haidirọ́líìkì ni ó gún un, nítorí iṣẹ́ abẹ ni ó sábà máa ń fẹ́, àwọn tí ó pẹ́ kí wọ́n tó lọ sì ti pàdánù ìka tàbí ọwọ́.

Wàyí o, bí ìwé ìkìlọ̀ bá kà pé, “Má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí ó ti ń jò,” kí ni awakọ̀ yóò rò? Òrùlé tí ó ń jò kò pa ẹnikẹ́ni. Ó ti fi ọwọ́ wá ibi tí garawa ti ń jò láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù, ó tán. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ewu nínú, ìkìlọ̀ tí ó gbé e kò sì lè ní. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún àkeekèé àti oyin. Òun náà ni wọ́n ń lò fún omi ata tí ó fò sí ènìyàn lójú. “Ọ́ìlì inú họ́ọ̀sì yìí ń ta, má ṣe fi ọwọ́ wá a, fi páálí wá a” yóò wọ etí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ìtẹ̀ jẹ́.

Bákan náà ni pẹ̀lú gbólóhùn tí ó máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwé ìtọ́jú apá akẹ́rù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ ni pé kí wọ́n “mú ìtẹ̀ kúrò” kí wọ́n tó tú họ́ọ̀sì. Awakọ̀ kò lè rí ìtẹ̀, kò sì lè mú ohun tí kò rí kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí wọ́n kọ: kí ó sọ apá kalẹ̀ títí igbá yóò fi sinmi lórí ilẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó ti ọ̀pá ìdarí síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìhà gbogbo, lẹ́yìn náà ni kí ó tó mú sípánà. Bí iṣẹ́ náà bá sì jẹ́ irú èyí tí apá gbọ́dọ̀ wà lókè kí wọ́n tó lè ṣe é, irin ni kí wọ́n fi ti apá náà nídìí, kì í ṣe ọ́ìlì, nítorí ọmọ fáàfù tí ó ń jẹ́ kí ọ́ìlì yọ́ kọjá kì í pariwo.